Ìpáàrà ń run ìbátan gúrọ́fà l'Ọsirélíà: Ọ̀rọ̀ kan àwọn àgbẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó

Bí wọ́n bá ní kí àgbàlagbà kan n'Ìkọ̀lé-Èkìtì dárúkọ igi tí kò lè tán láyé, ó ṣeé ṣe kí gúrọ́fà wà lára èyí tí yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ta tilẹ̀ ni í gbin gúrọ́fà? Ẹyẹ ló ń jẹ ẹ́, ẹyẹ náà ló sì ń ṣu kóró rẹ̀ sẹ́yìn ilé, sí ẹ̀bá ọ̀nà oko àti sínú ahoro tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́. Láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́, títí dé Ìdó àti Ọ̀tùn, àwọn ọmọdé ń gé ẹ̀ka rẹ̀ tó pín sí méjì láti fi ṣe rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ, àwọn ìyá sì ń se ewé rẹ̀ fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu.

Ìbátan igi yìí kan wà l'Ọsirélíà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ náà rò bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀. Rhodomyrtus psidioides ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ṣùgbọ́n gúrọ́fà ìbílẹ̀ ni orúkọ tí aráàlú fún un. Igi kékeré ni, a máa rú jọ bí igbó ní ẹ̀bá òkun ìpínlẹ̀ New South Wales àti gúúsù Queensland. Òdòdó rẹ̀ funfun, òmíràn a sì pọ́n díẹ̀. Títí di ọdún 2010, kò sẹ́ni tó kà á sí ohun tó ṣọ̀wọ́n. Nígbà tó fi máa di ọdún 2019, ìjọba New South Wales ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ewéko tó wà létí àtirun pátápátá. Kò tó ọdún mẹ́wàá tí nǹkan fi yí padà bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe iná, kì í ṣe àáké ló fà á. Oṣù kẹrin ọdún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àrùn náà l'Ọsirélíà, lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń gbin òdòdó fún títà. Ìpáàrà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ó ń ṣe ewé bí ìpáàrà ti ń ṣe irin. Ohun tó ń fà á kò ju irú èyí tí ó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ lọ. Bí ó bá mú ewé, ewé náà á dà bí èyí tí wọ́n da kọ́rì lé lórí. Ìyẹ̀fun rúsúrúsú yìí ni irúgbìn àrùn. Afẹ́fẹ́ ń gbé e, oyin ń gbé e, ó sì ń bá aṣọ ẹni tó wọ igbó lọ sílé.

Ibi tó ti wá burú ni pé igi náà kò kú lójijì. Bí ewé rẹ̀ bá wọ́ dànù, á tún rú láti ìdí. Àmọ́ ewé tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ gan-an ni ìpáàrà ń wá, títí kan òdòdó àti èso kékeré. Igi á rú, àrùn á jẹ ẹ́, á tún rú, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Èyí tí kò sì tíì kú pàápàá kò rí èso so, débi tí ẹyẹ yóò fi rí kóró gbé lọ síbòmíràn. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe nínú igbó ní bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí àrùn dé, ó lé ní ìdajì àwọn igi tí wọ́n yẹ̀ wò tó ti kú.

Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe. Ẹbí ńlá ni ẹbí gúrọ́fà. Kánáfùrù tí àwọn ìyá wa ń rà lọ́jà wà nínú rẹ̀, igi yukalíptọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀ fún òtútù náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ra ewé gúrọ́fà yóò gbóòórùn kan, òróró inú ewé ni. Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí náà ló ní in. Ara gúrọ́fà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ìpáàrà yìí, ní Bràsíìlì, lọ́dún 1884. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ó ba oko igi atasánsán kan tí wọ́n ń tà lókè òkun jẹ́ ní Jàmáíkà. Ó dé Hawaii lọ́dún 2005. Lọ́dún 2013, wọ́n kéde pé ó ti wọ ilẹ̀ Áfíríkà, ní orílẹ̀-èdè South Africa.

Ẹ̀yà àrùn náà ju ẹyọ kan lọ, èyí tó sì dé Ọsirélíà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe gúrọ́fà ẹ̀yìn ilé ní nǹkan. Àwọn ẹbí rẹ̀ tó wà nínú igbó ló ń pa. Àwọn wọ̀nyí sì wà ní Nàìjíríà. Syzygium guineense, igi olódòdó funfun tí èso rẹ̀ máa ń dúdú bí ó bá pọ́n, a máa hù létí odò àti nínú ọ̀dàn; oríṣiríṣi Eugenia, tí púpọ̀ nínú wọn kò ga, sì ń bẹ lábẹ́ igbó. Kóró Syzygium yìí kò ṣeé fi pa mọ́ bí àgbàdo tí èèyàn ń so rọ̀ lókè ààrò. Bí ó bá ti gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Nítorí náà, ilé ìpamọ́ irúgbìn bíi ti NACGRAB ní Moor Plantation n'Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1987, kò lè fi gbígbẹ nìkan gba irú igi bẹ́ẹ̀ là. Ààyè rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gbìn.

Ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn ní Mount Annan, lẹ́bàá ìlú Sydney. Wọ́n gé ẹ̀ka lára àwọn gúrọ́fà ìbílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, wọ́n gbìn ín sínú ìkòkò, wọ́n sì ń fín oògùn sí i kí ìpáàrà má bàa tún dé ibẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó ń ti òkè òkun bọ̀ fún ọdún fẹ́ràn láti di igi òdòdó mọ́ àpò wá fún ìyá wọn. Èyí kò dára rárá. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní pápákọ̀ òfuurufú àti ní ẹnubodè ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i, bó ti wù kó kéré tó. Àgbẹ̀ tó bá sì rí ìyẹ̀fun rúsúrúsú lórí ewé tuntun gúrọ́fà tàbí yukalíptọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ já a kiri láti fi han aládùúgbò. Kí ó fi igi náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó fọ ọwọ́ àti aṣọ rẹ̀, kí ó sì lọ pe àwọn òṣìṣẹ́ ADP tàbí àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́-Èkìtì tó wà n'Ìkọ̀lé, kí wọ́n wá wò ó níbi tó wà.