Fáìlì tí Antivirus Kò Lè Kà

Ní ìsinmi tó kọjá, mo wà nílé ní Ìjàgbó, mo sì ń báwọn tẹ iṣẹ́ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan. Ìbéèrè kan wà tí àwọn oníbàárà kò yé bi mí: kí ló dé tí antivirus fi ń sọ pé òun kò lè yẹ àwọn fáìlì kan wò lórí fláàṣì àwọn? Àwọn kan á ní kí n pa fáìlì náà rẹ́ kíá. Àwọn mìíràn á ní, "Ṣebí kò pè é ní fáírọ́ọ̀sì, ẹ fi sílẹ̀ jàre." Méjèèjì léwu. Ní ẹ̀ka tiwa, ohùn àwọn tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún iṣẹ́ àṣekágbá lè wà nínú fáìlì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá pa á rẹ́ ti fi iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká ka antivirus sí òǹkàwé. Ó ní àkójọ àmì àwọn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ti dá mọ̀. Yóò ṣí fáìlì, yóò sì wá àwọn àmì náà nínú rẹ̀. Èyí tí kò bá lè ṣí, kò lè kà á. Ohun mẹ́rin ló sábà máa ń fà á.

Èkíní ni password. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè mọ ẹnà, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ̀wé lé lórí ní 1982. Nínú irú ẹnà kan, "olè" á di "ogolègè". Ẹni tó bá ń wá "olè" nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní rí i, bẹ́ẹ̀ olè wà níbẹ̀. Ohun tí password ń ṣe sí fáìlì zip nìyẹn, àmọ́ tirẹ̀ le ju ẹnà lọ fíìfíì. Antivirus lè rí orúkọ àwọn fáìlì tó wà nínú zip náà, kó má lè ka ohun tó wà nínú wọn. Àwọn ọ̀daràn mọ èyí. Ní 2020, àwọn tó ń tan fáírọ́ọ̀sì Emotet ká fi zip títì ránṣẹ́ nínú í-méèlì, wọ́n sì kọ password rẹ̀ sínú í-méèlì náà gan-an, kí ẹni tó gbà á lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún olè.

Èkejì ni fáìlì tí Windows fúnra rẹ̀ ń lò lọ́wọ́, bíi pagefile.sys àti hiberfil.sys. Ẹni tó wà ní balùwẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn. Kò sí ìbẹ̀rù níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹrù tó pọ̀ jù. Zip kan wà tí wọ́n ń pè ní 42.zip. Kilobyte 42 péré ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tú gbogbo ohun tó dì sínú, ó lé ní petabyte 4. Kí irú rẹ̀ má baà dá kọ̀ǹpútà dúró, antivirus máa ń fi ààlà sí ohun tí yóò tú.

Ẹ̀kẹrin ni fáìlì tó ti bàjẹ́, bíi ti fláàṣì tí wọ́n yọ nígbà tí ó ṣì ń ko fáìlì lọ́wọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ fáìlì náà àti ibi tó wà. Tó bá jẹ́ ti Windows, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá jẹ́ zip tí ẹ̀yin tàbí ẹni tí ẹ mọ̀ tì, ẹ fi password tú u, kí ẹ ní kí antivirus yẹ ohun tó jáde wò kí ẹ tó ṣí ìkankan nínú rẹ̀. Tó bá bàjẹ́, ẹ tún un kọ láti orísun rẹ̀. Tí zip títì bá dédé wọlé pẹ̀lú password rẹ̀, ẹ pe ẹni tí wọ́n ní ó fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Tí kò bá mọ̀ nípa rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ pa á rẹ́.

Tí antivirus bá ní òun kò lè ka fáìlì kan, ohun tó ń sọ kò ju pé òun kò tíì kà á. Ẹ wádìí ẹni tó tì í àti ìdí tó fi tì í, kí ẹ tó pa á rẹ́, kí ẹ sì tó ṣí i.