Ọtí nínú ìdílé Mùsùlùmí: Ìmọ̀ràn ìṣẹ́jú díẹ̀ tí kò yẹ ká fi du èèyàn wa

Kò sí ọmọ ilé-kéú tí kò mọ̀ pé ọtí jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: ọtí wà nínú àwọn ilé wa. Bàbá wà tí kì í pa ìrun Jímọ̀ jẹ, àmọ́ tí ilé ọlọ́tí ò lè wá a tì ní alẹ́ Sátidé. Ọ̀dọ́ awakọ̀ wà tó jẹ́ pé paraga ló fi ń ṣínu láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n wà tó máa ń jáwọ́ bí oṣù ààwẹ̀ bá wọlé, tó sì máa ń padà sídìí rẹ̀ lẹ́yìn Ìtúnu.

Nítorí ìtìjú, ẹbí á bò ó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá sì máa wá ìrànlọ́wọ́, ọ̀dọ̀ ààfáà nìkan ni. Àdúà dára, wáàsí dára, a ò ní kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ìrànlọ́wọ́ kan wà ní ilé ìwòsàn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀, òun la fẹ́ ṣàlàyé lónìí.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ẹni náà lè wá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, inú rírun tàbí ibà. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà á bi í léèrè nípa ọtí, bó ṣe máa bi í léèrè nípa iyọ̀ àti sìgá. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ìwé ìbéèrè mẹ́wàá kan fún iṣẹ́ yìí, AUDIT ni wọ́n ń pè é. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀, Kenya sì wà lára wọn. Ó ń béèrè iye ìgbà tí èèyàn ń mu, ìwọ̀n tó ń mu, bóyá ó ti mu débi tí kò rántí ohun tó ṣe lálẹ́ àná, bóyá ẹnì kan ti bẹ̀ ẹ́ pé kó dín in kù. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 40. Ẹni tó bá gba 8 sókè, ọtí rẹ̀ ti ń lọ sí ibi ewu.

Ìmọ̀ràn ló kàn. Ó lè máà ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Nọ́ọ̀sì á sọ máàkì rẹ̀ fún un, á ṣàlàyé bí ọtí ṣe kan àìsàn tó gbé e wá, á sì bi í ohun tí òun fúnra rẹ̀ rí pé ọtí ti gbà lọ́wọ́ òun. Àwọn méjèèjì á wá jọ fẹnu kò lórí ohun tó máa ṣe: ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ tó máa yẹra fún, ọ̀nà tó máa gbà relé tí kò ní kọjá níwájú ilé ọlọ́tí, ọjọ́ tó máa padà wá. Kò sí èébú níbẹ̀.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́?

Ní 2018, àwọn onímọ̀ Cochrane gbé àkójọ ìwádìí 69 jáde, èèyàn tó lé ní 33,000 ló kópa nínú wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, ọtí tí àwọn tó gba ìmọ̀ràn ń mu fi nǹkan bíi gíráàmù 20 lọ́sẹ̀ dín sí ti àwọn tí kò gbà á. Ìgò bíà ńlá kan, 60cl, ní nǹkan bíi gíráàmù 24. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ ro bí àkókò tó gbà ṣe kéré tó, kí ẹ tún ro iye èèyàn tó ń wọ ilé ìwòsàn lóòjọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan. Ìwé ìtọ́nisọ́nà WHO tí wọ́n ń pè ní mhGAP, tó wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe onímọ̀ ọpọlọ, ní orí kan lórí ọtí. Wọ́n ti tún un ṣe láti bá Nàìjíríà mu, wọ́n sì ti lò ó ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ṣé kó dín in kù ni, àbí kó jáwọ́?

Ẹlòmíì á ní: ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń sọ pé ọtí díẹ̀ ò burú? Rárá. WHO fúnra wọn sọ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí ara lè gbà tí kò ní ewu. Fún àwa Mùsùlùmí, jíjáwọ́ pátápátá ni òpin ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí Ọlọ́hun Ọba ṣe tọ́ àwọn Sàábé sọ́nà: Sūratul-Baqarah (2:219) ló kọ́kọ́ fi ìpalára inú rẹ̀ hàn, Sūratun-Nisā' (4:43) kọ̀ ọ́ mọ́ ìrun, kí Sūratul-Mā'idah (5:90-91) tó ṣe é léèwọ̀ pátápátá, tí wọ́n sì da ọtí sójú pópó Mọ̀dínà. Ìdájọ́ ti parí, díẹ̀díẹ̀ kò sọ ọtí di háláálì fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a lè kọ́ níbẹ̀ ni sùúrù pẹ̀lú ẹni tó ń gun àkàbà náà.

Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tó ń làágùn láàárọ̀ títí tó fi máa mu ọtí, tàbí tí máàkì rẹ̀ wọ 20 sókè, ìmọ̀ràn kúkúrú nìkan ò tó o. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dáwọ́ dúró lójijì, gìrì lè gbé e, orí rẹ̀ lè dàrú, ó sì lè kú. Ẹ má tì í mọ́ yàrá, ẹ má dè é mọ́lẹ̀ ní orúkọ rúkíyà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, oògùn wà tí dókítà á fi gbà á sílẹ̀ láìséwu. Bó bá sì fẹ́ fi Rámádánì jáwọ́, kó ti rí dókítà kí oṣù tó lé.

Ohun tó ń dí wa lọ́nà

Nọ́ọ̀sì rí orúkọ Mùsùlùmí lórí káàdì, kò béèrè. Aláìsàn náà, bí wọ́n bá bi í, á ní: "Ẹ̀sìn wa ò gbà á." Báyìí ni ìrànlọ́wọ́ ṣe ń fo orí wa kọjá. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tí tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ tẹ̀lé e lọ, ẹ jẹ́ kó sọ òótọ́. Sísọ ẹ̀ṣẹ̀ kiri ìlú la kọ̀, sísọ àìsàn fún ẹni tó máa tọ́jú rẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn.

Al-Bukhārī gba ẹ̀gbàwá ọkùnrin kan tí wọ́n ń mú wá léraléra nítorí ọtí. Nígbà tí ẹnì kan ṣẹ́ èpè lé e, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún un, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Wọ́n bá a wí, wọn ò sì lé e kúrò láàárín wọn. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Kí Ọlọ́hun bá wa tún ilé wa ṣe. Āmīn.