Ṣé o mọ̀ pé ojú wa ni JPEG ń rẹ́ jẹ?

Ojú èèyàn tètè máa ń rí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ju ìyàtọ̀ àwọ̀ méjì tó jọra lọ. Ibẹ̀ ni JPEG, ìlànà ìfúnpọ̀ fọ́tò tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1992, ti rí wa mú: ó ń ju púpọ̀ nínú àwọ̀ nù, a kì í sì í fura.

Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kí fọ́tò rẹ fúyẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ dín kù. Fọ́tò oníbùú 4000, gíga 3000, ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 12. Sọ ọ́ di 1200 sí 900, ó ku mílíọ̀nù kan lé díẹ̀. Fọ́tò àkọ́kọ́ gan-an ni kí o máa lò, torí gbogbo ìgbà tí o bá tún JPEG fún pọ̀ ló ń pàdánù nǹkan. Lógò tó ní lẹ́tà ńkọ́? PNG, oríṣi fáìlì àwòrán mìíràn, ló bá a mu.