Ṣé o mọ̀? Bí eegun àgbà bá kán, dókítà eegun nìkan kò tó

• Bí ìyá àgbà bá ṣubú ní balùwẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì yí síta, ó ṣeé ṣe kí eegun ìbàdí ti kán. Ẹ má fi òróró ra á. Bí ẹ bá wà l'Ékòó, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn LASUTH n'Ìkẹjà tàbí ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́.

• Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà eegun àti dókítà àwọn àgbà ló jọ ń tọ́jú àgbà tí eegun ìbàdí rẹ̀ bá kán. Wákàtí 36 ni gbèdéke iṣẹ́ abẹ. Lọ́jọ́ kejì iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n á gbé aláìsàn dìde, kí egbò ẹ̀yìn àti òtútù àyà má bàa dé.

• Ní Nàìjíríà náà, ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ṣí ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbà ní 2012.