Bí A Ti Í Wo Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Ilé-Ifẹ̀

Ní Ẹnuwá, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ni ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a ṣí ní ọdún 1954 wà. Ilé náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kánjú kì yóò mú ẹ̀kọ́ kan bọ̀ láti ibẹ̀.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ wádìí ọjọ́ àti wákàtí tí wọn ń ṣílẹ̀kùn, àti iye owó ìwọlé. Bí ẹ ó bá kó àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ, ẹ kọ̀wé ṣáájú, kí a lè yan ẹni tí yóò ṣe àlàyé. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí òógùn ọwọ́ a máa ba idẹ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí wọn sọ bí a ti ṣe àwọn orí idẹ Ifẹ̀ fún yín. Ìda ni àwọn àgbà kọ́kọ́ fi mọ ojú náà. Wọ́n fi amọ̀ bò ó, wọ́n fi iná yọ́ ìda náà jáde, wọ́n sì da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀.

Ẹ bèèrè ẹni tí ó rí wọn pẹ̀lú. Àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ni ó hú púpọ̀ nínú wọn ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Àwọn òṣìṣẹ́ sì tún bá òmíràn pàdé ní Ìta Yemòó ní 1957. Nítorí náà, ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ bá kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ó dáwọ́ dúró, kí ó má tà á, kí ó sì fi tó àwọn aláṣẹ létí. Ilẹ̀ tí ó yí i ká ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí a bá ti hú u kúrò láìṣàkíyèsí, ẹ̀rí náà ti nù.