Jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò tan: Púlọ́ọ̀gì ló ń tú àṣírí ohun tó ń ṣe é

Ní Agbowó, níwájú Yunifásítì Ìbàdàn, bí iná bá ti lọ báyìí, ìdí jẹnẹrétọ̀ ni àwọn onífọtokópì ń sáré lọ. Bí wọ́n bá fa okùn rẹ̀ títí tí kò dáhùn, akẹ́kọ̀ọ́ tó mú iṣẹ́ wá á ti yà sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún onígèrun ní Challenge àti ẹni tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Bódìjà. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi epo ṣòfò.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló jẹ́ pé àtúnṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè, kí wọ́n sì tó mọ̀, wọ́n ti ra kabúrétọ̀ tuntun. Bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta péré ni ẹ́ńjìnì kékeré ń béèrè kó tó tan: epo tó mọ́, iná tí púlọ́ọ̀gì ń ta, àti písítìnì tó lè fún atẹ́gùn pọ̀ dáadáa. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni kéèyàn mọ èyí tó sọnù nínú wọn.

Ohun tó rọrùn ló yẹ kí onítọ̀hún kọ́kọ́ wò: ṣé wọ́n ti ṣí téépù epo, ṣé wọ́n ti tan súwíìsì, ṣé ọ́ìlì pé? Púpọ̀ nínú jẹnẹrétọ̀ tó ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀ ló ní ohun kan tó ń pa iná púlọ́ọ̀gì bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀, kí ẹ́ńjìnì má baà bàjẹ́. Ọ́ìlì díẹ̀ péré lè jẹ́ oògùn irú èyí. Kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" kò ní irú rẹ̀, nítorí inú epo ni wọ́n ń po ọ́ìlì tirẹ̀ mọ́: ìdá 1 ọ́ìlì sí ìdá 50 epo, ìyẹn mílílítà 100 sí lítà 5. Tí wọ́n bá dà á jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú. Tó bá kéré jù, písítìnì á họ, ìyẹn ló sì burú jù.

Bí gbogbo èyí bá pé, kó tú púlọ́ọ̀gì. Tó bá tutù rinrin fún epo, epo ti dé ju bó ṣe yẹ lọ. Kó nù ún, kó jẹ́ kó gbẹ, kó pa ṣóòkù, kó tún fa okùn. Tó bá gbẹ táútáú, epo kò dé ibẹ̀. Ihò tíńtín tó wà lórí ìdérí táńkì lè ti dí, tàbí epo tó ti pẹ́ nínú kabúrétọ̀ ti di ohun tó ń lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù. Kó tú bóòtì ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, kó gbe epo inú rẹ̀ sínú ìgò funfun: bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa lọ. Ọ̀rọ̀ epo tí kò dáa kì í ṣe àròsọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà láti òkè òkun, ọ̀pọ̀ onímọ́tò sì figbe ta. Methanol a sì máa fa omi mọ́ra.

Tí epo bá dé, ó ku iná. Kó ti púlọ́ọ̀gì bọ orí wáyà rẹ̀, kó gbé irin rẹ̀ ti ara ẹ́ńjìnì, kó jìnnà sí ihò tó ti yọ ọ́, kó sì fa okùn níbi tí òjìji wà. Ìta gbangba ni kó ti ṣe é, kó ti nu gbogbo epo tó dà sílẹ̀, kó sì dé táńkì, nítorí irú iná kékeré yìí ti sun ṣọ́ọ̀bù rí. Iná aláwọ̀ búlúù ló yẹ kó ta. Bí kò bá ta, kó dán púlọ́ọ̀gì tuntun wò. Tí kò bá tún ta, kó yọ wáyà súwíìsì tó ń pa ẹ́ńjìnì. Bí iná bá wá ta, súwíìsì ló bàjẹ́; tí kò bá ta síbẹ̀, kọ́ìlì ni.

Ṣùgbọ́n tí epo bá dé, tí iná sì ń ta, tí okùn kàn ń rọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni fa okùn kànga tí kò ní korobá, ríìngì písítìnì ló ṣeé ṣe kó ti jẹ. Ibẹ̀ ni wàhálà owó wà, pàápàá fún jẹnẹrétọ̀ tó ti gbó. Kí onítọ̀hún béèrè iye ríìngì àti owó iṣẹ́, kó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ iye tuntun kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u palẹ̀.