Mọ́tò Tó Ń Ṣí Lórí fún Màámi: Ibo Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìyá yín ti sọ ohun kan fún yín rí lórí fóònù, tí ẹ fi rò pé etí yín ló ń tàn yín? Lọ́dún tó kọjá, Màámi pè mí láti Kent, nílùú Ọba níbí. Wọ́n ní, “Mo fẹ́ pààrọ̀ mọ́tò. Èyí tó ń ṣí lórí ni mo fẹ́. Oníjòókòó méjì.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

“Ogún ọdún ni mo fi mọ́tò ńlá gbé yín lọ sílé ìwé. Gbogbo yín ti lọ báyìí. Èmi nìkan ló kù nínú mọ́tò. Ìjókòó méjì gan-an ti pọ̀ jù fún mi.”

Kí ni mo fẹ́ sọ síyẹn? Ẹni ọdún 61 ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n sì ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójò àti ní yìnyín. Mo ní ó dáa, àmọ́ èmi ni mà á bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò.

Mazda MX-5 ló wù wọ́n. Ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọkọ̀ Japan yìí han aráyé, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Chicago. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan rẹ̀. Kò sí ọkọ̀ eré oníjòókòó méjì tó tíì tà tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí àlòkù rẹ̀ fi pọ̀ nígboro. (A ò lè pè é ní tòkunbọ̀ o, òkè òkun náà la ṣáà wà!)

Ìdánwò àkọ́kọ́, orúnkún. Ìjókòó ọkọ̀ yìí sún mọ́lẹ̀ gan-an. Bí ìjókòó bá ṣe rẹlẹ̀ tó ni orúnkún á ṣe ká tó, ni iṣan itan á sì ṣe ṣiṣẹ́ tó kéèyàn tó lè dìde. Mo ní kí Màámi wọlé, kí wọ́n jáde, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Wọ́n ṣe é. Wọ́n ní ṣé mo tún fẹ́ kí wọ́n jó ni?

Ìdánwò kejì ló le. Ọkọ̀ pupa kan ni a lọ wò, ọdún 2001 ni wọ́n ṣe é. Ẹni tó ń tà á ti fọ̀ ọ́ débi pé ó ń dán bíi dígí. Màámi ti gbé báàgì wọn sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ ná. Ẹ mú páálí bàtà kan. Ẹ fi téèpù lẹ ìdérí rẹ̀ pinpin, kí ẹ wá gbìyànjú láti lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ. Kò ní gbà. Ẹ ṣí ìdérí yẹn kúrò, kí ẹ tún un lọ́. Wẹ́rẹ́ báyìí ló máa lọ́.

Bí ọkọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ tó ní òrùlé irin dà bíi páálí tí a dé. Tí a bá yọ òrùlé kúrò, iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ bọ́ sọ́rùn ilẹ̀ ọkọ̀ àti irin gígùn méjì tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò, àwọn ló ń rù ú.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí wàhálà wà. Òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé aṣọ máa ń ṣàn wá sí igun ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á wọnú ihò kékeré, á sì jáde lábẹ́ ọkọ̀. Tí ewé bá dí ihò yẹn, omi á wá ibòmíràn gbà, ó sì lè dé inú irin abẹ́ ilẹ̀kùn. Irin, omi àti ọ́síjìn, àwọn mẹ́ta yìí ló ń bí ìdógùn-ún. Nígbà òtútù, wọ́n tún ń da iyọ̀ sójú títì kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ inú omi ń jẹ́ kí iná mànàmáná kékeré tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irin ń dógùn-ún rí ọ̀nà kọjá dáadáa, ìdógùn-ún á wá yára sí i. Ẹ̀bi ẹni tó ṣe ọkọ̀ kọ́. Ọjọ́ orí àti iyọ̀ ni. Àmọ́ ibi tí ọkọ̀ gbára lé jù lọ, ibẹ̀ náà ni omi fẹ́ràn.

Mo yọ mágínẹ́ẹ̀tì tí mo mú lára fíríìjì jáde, mo fi háńkáṣífù wé e kó má baà ha ọ̀dà. Lókè, ó lẹ̀ pinpin. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, nítòsí táyà ẹ̀yìn, ó já bọ́. Ẹ̀gbẹ́ kejì, bákan náà. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í lẹ̀ mọ́ ohun tí àwọn panel beater fi ń dí ihò kí wọ́n tó kun ọ̀dà lé e. Mo tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ náà sórí ìkànnì ìjọba tó ń fi àbájáde àyẹ̀wò MOT hàn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ nípa ìdógùn-ún níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Màámi wò mí. “Ṣé mágínẹ́ẹ̀tì ara fíríìjì ni ò ní jẹ́ kí n ra mọ́tò?”

Mo ní, “Màámi, tí ẹnì kan bá fi ẹ̀gbẹ́ kọ lù yín, irin yẹn wà lára ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti onítọ̀hún.”

Wọ́n gbé báàgì wọn. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà la rí òmíràn, aláwọ̀ eérú, ti ọdún 2008. Mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ níbi gbogbo. Mo rọra da omi ìgò kékeré sí igun òrùlé. Ó kán sílẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn, lápá méjèèjì. Ìwé MOT rẹ̀ mọ́. A rà á.

Tí ẹ bá fẹ́ ra irú ẹ̀ fún òbí yín, ẹ má kọ́kọ́ wo ọ̀dà. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Tí ẹ bá sì ti rà á, ẹ máa kó ewé kúrò nínú ihò yẹn. Oṣooṣù ni Màámi ń da omi síbẹ̀ báyìí, wọ́n á sì pè mí pé, “Ó ti kán o.”

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi fọ́tò kan ránṣẹ́. Òrùlé ti ṣí, wọ́n fi ìborùn wé orí pinpin. Búùtù ti kún, wọ́n wá gbé àpò gàrí sórí ìjókòó kejì, wọ́n sì fi bẹ́líìtì dè é. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Mo ti rí èrò gbé.”